Lẹ́tà ṣíṣí sí kọ́mítì tó ń yan ìwé fún wa: ẹ dá ìwé Ma Jian padà, kẹ́ ẹ sì fún ọmọ Tibet láyè

Ẹ̀gbọ́n Alága, Àǹtí Akọ̀wé, àti gbogbo ẹ̀yin àgbà inú kọ́mítì ẹgbẹ́ òǹkàwé Yorùbá wa ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ ẹgbẹ́, ẹ kú wàhálà wa. Ẹ má bínú pé gbangba ni mo ti ń kọ èyí o, inú grúùpù WhatsApp wa ló yẹ kó wà, àmọ́ ẹ ti ní ká má sọ̀rọ̀ lé e mọ́ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ò sì tíì tán nínú mi.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé fún ẹni tí ò sí nínú ẹgbẹ́. Ẹ ní a máa ka ìwé lórí Tibet, ilẹ̀ orí òkè tó wà lábẹ́ ìjọba Ṣáínà, inú mi dùn gan-an. Ẹ yan méjì, Stick Out Your Tongue ti Ma Jian àti Sky Burial ti Xinran, ọmọ Ṣáínà làwọn méjèèjì, Lọ́ńdọ̀nù yìí náà ni wọ́n sì fìdí kalẹ̀ sí. Kò pẹ́ tí àwọn kan fi ní ti Ma Jian jẹ́ ìwé ìṣekúṣe, pé kò ṣeé kà lójú àwọn ìyá wa, ẹ yọ ọ́. Ẹ fi ti Xinran nìkan sílẹ̀, ẹ wá kọ ọ́ sórí pósítà pé ó jẹ́ "ìtàn tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́" àti "ìwé tó bọ̀wọ̀ fún àṣà Tibet". Mo ní kẹ́ ẹ fi ìwé tí ọmọ Tibet fúnra ẹ̀ kọ kún un, ẹ ní ìwé kan ti tó, ẹni tó bá ti ka ọ̀kan ti mọ ìyókù. Mo fún àwọn ohun tí mo fẹ́ sọ ní nọ́ńbà, kẹ́ ẹ lè dá mi lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan.

1. Irú ohun tẹ́ ẹ ṣe yìí, ìjọba Ṣáínà ti ṣe é rí, ìwé kan náà yìí gan-an ni wọ́n sì ṣe é sí.

Ìbẹ̀rẹ̀ 1987 ni. People's Literature, ìyẹn ìwé ìròyìn lítíréṣọ̀ tó lórúkọ jù ní Beijing, tẹ àwọn ìtàn Tibet tí Ma Jian kọ jáde nínú ẹ̀dà tí wọ́n fi pa oṣù kìíní àti oṣù kejì pọ̀. Àsìkò burúkú ló bọ́ sí. Oṣù kìíní yẹn náà ni wọ́n yọ Hu Yaobang kúrò nípò olórí ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì, àwọn tó yọ ọ́ sì ń wá ẹni tí wọ́n máa fi ṣe àpẹẹrẹ pé àwọn òǹkọ̀wé ti ń kọjá àyè wọn. Wọ́n ní ìtàn náà tàbùkù àwọn ará Tibet, ó ń ba ìṣọ̀kan ẹ̀yà jẹ́. Wọ́n kó ìwé ìròyìn náà kúrò lọ́jà, wọ́n ní kí Liu Xinwu tó jẹ́ olóòtú lọ jókòó sílé ná. Ma Jian alára ti sá lọ sí Hong Kong nígbà yẹn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ mi ò mọ ohun tí ojú ẹ̀ ì bá rí.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ wo ẹni tó ń gbèjà iyì ará Tibet níbẹ̀ o. Ní 1962 ni Panchen Lama kẹwàá, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn olórí ẹ̀sìn tó ga jù ní Tibet, tí òun alára sì ń bá ìjọba ṣiṣẹ́, jókòó kọ ìwé gígùn kan sí Zhou Enlai tó jẹ́ olórí ìjọba Ṣáínà nígbà yẹn, ó ní kí àtúnṣe ìjọba tó bẹ̀rẹ̀ ilé àwọn mọ́ńkì, ìyẹn àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn Búdà, ní Tibet lé ní 2,500, lẹ́yìn àtúnṣe bí 70 péré ló kù. Ẹ rántí pé 1962 ni mò ń wí, wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ Cultural Revolution, rúkèrúdò Mao tó ba ilé ìjọsìn jẹ́ káàkiri láti 1966, rárá. Wọ́n dójú tì í ní gbangba ní 1964, wọ́n tì í mọ́lé, 1977 ló tó jáde. Ìwé tó kọ yẹn, wọ́n fi pamọ́ títí, Lọ́ńdọ̀nù níbí ni wọ́n ti wá tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1997. Ìjọba tó fọwọ́ ara ẹ̀ wó ilé ìjọsìn bí ẹgbàá ó lé ló wá ń sunkún pé ìtàn àròsọ kan rí àṣà Tibet fín.

Mi ò ní ẹ̀yin àti ìjọba Beijing jẹ́ ọ̀kan náà o, kí ẹnikẹ́ni má yí ọ̀rọ̀ mi. Àmọ́ gbólóhùn tẹ́ ẹ fi yọ ìwé náà, pé ó ń tàbùkù, pé ó dọ̀tí, ti wọn ni. Ẹ ò sì bi ọmọ Tibet kankan kẹ́ ẹ tó sọ bẹ́ẹ̀, bí àwọn náà ò ṣe bi ẹnikẹ́ni.

2. Kí ló wà nínú ìwé Ma Jian gan-an? Mo bi yín torí mo mọ̀ pé méjì nínú yín ò kà á kọjá ìtàn àkọ́kọ́.

Ìtàn márùn-ún péré ni, ìwé tín-ín-rín. Ma Jian ò lọ Tibet láti lọ bú ẹnikẹ́ni. Ayàwòrán ni ní Beijing, onífọ́tò ni pẹ̀lú, ìgbéyàwó ẹ̀ ti tú ká, wọ́n ń wádìí ẹ̀ níbi iṣẹ́ lásìkò tí ìjọba ń lé àwọn oníṣẹ́ ọnà kiri ní 1983, ló bá gba ẹ̀sìn Búdà, ló gbé àpò kọ́ èjìká, ó ń rin orílẹ̀-èdè náà kiri fún bí ọdún mẹ́ta. 1985 ló dé Tibet. Ó rò pé níbẹ̀ ni ìgbàgbọ́ òun máa ti fìdí múlẹ̀, ohun tó bá ni ilé ìjọsìn tó ti wó, òṣì, àti àwọn èèyàn tí ojú wọn ti rí màbo lábẹ́ ìjọba tí òun náà tibẹ̀ wá, ìgbàgbọ́ yẹn sì bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Ìtàn àkọ́kọ́ tí gbogbo yín ń pariwo lé lórí, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Myima ló kú sórí ìrọbí. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ló jọ fẹ́ ẹ, ìyẹn wà nínú àṣà apá kan ní Tibet torí kí ilẹ̀ bàbá wọn má bàa pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Wọ́n gbé òkú ẹ̀ lọ sórí òkè fún àwọn igún, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ta ló wá ń ròyìn ẹ̀ fún wa? Àlejò kan láti Beijing, ará Han (ẹ̀yà tó pọ̀ jù ní Ṣáínà), kámẹ́rà lọ́wọ́, tí inú ẹ̀ dùn pé òun bá irú ẹ̀ pàdé. Sọ́jà ará Ṣáínà kan wà nínú ìtàn náà tó ń ṣọ́ ibùdó níbẹ̀, tó nífẹ̀ẹ́ ọmọbìnrin yẹn. Nígbà tẹ́ ẹ bá kà á tán, ẹni tí ìwà ẹ̀ máa rí yín lára jù kì í ṣe àwọn ọkọ tó gbé ọ̀bẹ, àlejò tó gbé kámẹ́rà ni. Bẹ́ẹ̀ ni Ma Jian fẹ́ kó rí. Ó fi ara ẹ̀ sínú àwòrán náà, ó ní ẹ wo bí mo ṣe ń wò.

Nínú ọ̀rọ̀ ìparí tó kọ sẹ́yìn ìwé náà ló ti sọ ohun kan tí mi ò rí kí ẹnikẹ́ni nínú kọ́mítì mẹ́nu bà. Ó ní àwọn Òyìnbó máa ń sọ àwọn ará Tibet di ẹni mímọ́ tí kò ní ojúkòkòrò tí kò ní ìkà nínú, bẹ́ẹ̀ èèyàn bí èèyàn ni wọ́n, wọ́n lè ṣìkà, wọ́n lè bàjẹ́ bí àwa yòókù, ẹni tó bá sọ wọ́n di áńgẹ́lì ti gba ìwà ènìyàn kúrò lọ́wọ́ wọn. Ẹ fi ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ pósítà yín.

Ẹ̀bi Ma Jian wà o, mi ò ní gbè é. Nínú ìtàn tó pọ̀ jù níbẹ̀ ara obìnrin ló ń jìyà: Myima lórí òkúta, Sangsang Tashi tó jẹ́ ọmọdébìnrin tí wọ́n ní ó jẹ́ àtúnwáyé olórí ẹ̀sìn, tí wọ́n bá lò pọ̀ níwájú àwọn mọ́ńkì lórúkọ ètùtù, tí wọ́n sì fi sínú odò dídì títí ó fi kú, bàbá kan tó ti bá ìyá ẹ̀ sùn tó tún bá ọmọ ẹ̀ sùn. Nígbà tó bá di ìtàn kẹrin ó ti ń sú èèyàn, èèyàn á máa bi ara ẹ̀ pé ṣé kò sí obìnrin kankan ní Tibet tó ń lọ sọ́jà tó ń bá ọmọ ẹ̀ jà tó ń rẹ́rìn-ín ni. Àwọn ọmọ Tibet tí inú wọn ò dùn sí ìwé náà ní ẹjọ́ rò, mo sì gbà pẹ̀lú wọn. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ jókòó jiyàn lé lórí rèé, kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ ó gbé sábẹ́ ẹní.

3. Ẹni tó ní ìwé Ma Jian ń rí òun lára torí òkú aboyún, mo bẹ̀ ọ́, bi àwọn àgbà ìlú ẹ léèrè.

Ṣé wọ́n kàn máa ń gbé aboyún tó bá kú wọ ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni nílé tiwa láyé àtijọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dàgbà mọ̀ pé wọn kì í sin ín pẹ̀lú oyún nínú, àwọn tó nímọ̀ ẹ̀ ni wọ́n máa ń pè, obìnrin ò gbọ́dọ̀ débẹ̀, ètùtù ńlá ni, owó ńlá ni. Ká ní àlejò kan gbé kámẹ́rà wá nígbà yẹn, tó lọ kọ ìwé, tí ìwé náà wá di gbogbo ohun tí ayé mọ̀ nípa ìyá rẹ àti ìlú rẹ, kí lo máa fẹ́ kí wọ́n ṣe sí i? Èmi ò ní fẹ́ kí wọ́n fi òfin dè é. Màá fẹ́ kí wọ́n gbé makirofóònù fún ẹnì kan láti ìlú yẹn kó wá sọ ti ẹ̀. Ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún lórí Tibet ò ju ìyẹn lọ.

4. "Ìtàn tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́." Ẹ yọ gbólóhùn yẹn kúrò lórí pósítà.

Xinran sọ fún wa bí òun ṣe rí ìtàn náà. Ó ń ṣe ètò rédíò fún àwọn obìnrin ní Nanjing, ó gbọ́ nípa obìnrin kan tó ń jẹ́ Shu Wen, ó wọkọ̀ lọ bá a ní Suzhou ní 1994, ọjọ́ méjì ni wọ́n fi sọ̀rọ̀, obìnrin náà bá tirẹ̀ lọ, Xinran ò rí i mọ́. Ìwé náà jáde ní 2004, ìyẹn ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà. Xinran tiẹ̀ kọ lẹ́tà sí Shu Wen sẹ́yìn ìwé náà, tó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ ká gbúròó ẹ̀. Mi ò pe Xinran ní òpùrọ́. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ méjì ló di ìtàn ọgbọ̀n ọdún, pẹ̀lú ohun tí kálukú ń rò lọ́kàn àti ohun tí wọ́n ń bá ara wọn sọ lábẹ́ àgọ́. Aláròsọ ló kún gbogbo àlàfo yẹn, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀, iṣẹ́ òǹkọ̀wé ni. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti pè é ní òótọ́ pọ́ńbélé, ẹ ti sọ fáwọn ọmọ ẹgbẹ́ pé wọn ò gbọ́dọ̀ bi í ní nǹkan kan.

5. Ibi tó dùn mí jù rèé, ẹ fara balẹ̀ kà á: ọdún 1958, Qinghai, ìpínlẹ̀ kan ní Ṣáínà tí ọ̀pọ̀ ọmọ Tibet ń gbé.

Shu Wen jẹ́ dókítà. Ọkọ ẹ̀ Kejun náà jẹ́ dókítà àwọn ọmọ ogun Ṣáínà, wọn ò tíì lo ọgọ́rùn-ún ọjọ́ nílé ọkọ nígbà tí wọ́n gbé e lọ Tibet, ní 1958 ìjọba kọ̀wé sí obìnrin náà pé ọkọ ẹ̀ ti kú, wọn ò sọ bó ṣe kú. Shu Wen ní òun ò gbà, òun náà wọṣẹ́ ológun, ó lọ wá a. Ìdílé darandaran kan gbà á sílé, ó wà lọ́dọ̀ wọn lórí àwọn òkè Qinghai, ó ń fún wàrà, ó ń kó ìgbẹ́ màlúù yak fi dáná, ó kọ́ èdè wọn, ó kọ́ àdúrà wọn, ọdún ń gorí ọdún. Xinran mọ bí wọ́n ṣe ń kọ irú ẹ̀, mo sọkún níbi tó yẹ kí n sọkún, mi ò lè purọ́.

Àmọ́ ẹ gbọ́. 1958 yẹn, Qinghai yẹn náà, ọdún tí ìjọba fi tipátipá kó àwọn darandaran sínú ẹgbẹ́ àjùmọ̀ní nìyẹn, wọ́n ti ilé àwọn mọ́ńkì pa, àwọn èèyàn dìde ogun, sọ́jà kọjú ìbọn sí wọn, wọ́n kó ọkùnrin lọ sẹ́wọ̀n lọ́pọ̀ yanturu, ìyàn tẹ̀ lé e. Ọdún kejì, ní March 1959, ni Lhasa tó jẹ́ olú ìlú Tibet náà gbiná tí Dalai Lama, olórí ẹ̀sìn wọn tó ga jù, sì sá lọ Íńdíà. Níbẹ̀rẹ̀ ìwé Xinran ẹ máa rí ìbẹ̀rù àwọn sọ́jà Ṣáínà, pé wọ́n ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ àwọn tí wọn ò rí. Lẹ́yìn ìyẹn, Shu Wen gun orí òkè, ogun bá parí, bí ẹni pa iná. Ìdílé tó gbà á sílé ń rìn lọ rìn bọ̀ pẹ̀lú àgùntàn wọn bí ẹni pé kò sí ìjọba láyé, ìyàn ò kàn wọ́n, ẹ̀wọ̀n ò kàn wọ́n, Cultural Revolution kọjá lórí wọn bí atẹ́gùn.

Ṣé ẹ fẹ́ mọ ohun tí darandaran kan rí lọ́dún yẹn? Naktsang Nulo jẹ́ ọmọ bí ọdún mẹ́wàá nígbà yẹn. Bàbá ẹ̀ kó òun àti ẹ̀gbọ́n ẹ̀, wọ́n gun ẹṣin, wọ́n fẹ́ sá gba ọ̀nà Lhasa, sọ́jà bá wọn lọ́nà, wọ́n pa bàbá náà. Wọ́n kó àwọn ọmọ náà lọ sí Chumarleb, níbi tí wọ́n gbẹ́ kòtò sínú ilẹ̀ tí wọ́n ń kó ẹlẹ́wọ̀n sí. Nígbà tí wọ́n yọ wọ́n níbẹ̀, ilé ọmọ aláìlóbìí kan tí wọ́n sọ lórúkọ tó ń dáni lára yá ni wọ́n mú wọn lọ, ebi sì ń pa àwọn ọmọdé kú níbẹ̀. Ọmọ yìí náà ló dàgbà tó di òṣìṣẹ́ ìjọba Ṣáínà, ó fẹ̀yìn tì, ó wá jókòó kọ gbogbo ẹ̀ lédè Tibet, ó tẹ̀ ẹ́ ní Xining, olú ìlú Qinghai, ní 2007, àwọn èèyàn ń ṣe ayédèrú ẹ̀ tà kiri torí gbogbo ilé ló fẹ́ kà á. Lédè Gẹ̀ẹ́sì, My Tibetan Childhood ni, ó jáde ní 2014. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn ìwé náà ni pé kò pariwo. Ojú ọmọdé ló fi ń wò ó, ó ń sọ irú ẹran tí wọ́n jẹ, irú ẹṣin tí bàbá ẹ̀ gùn, ẹ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé òkú ló wà nílẹ̀ níwájú ẹ̀.

Tsering Döndrup náà wà, òǹkọ̀wé láti Malho ní Qinghai, ẹ̀yà Mongol ni ìran ẹ̀ àmọ́ èdè Tibet ló fi ń kọ̀wé. Òun kọ ìtàn àròsọ lórí 1958 yẹn gan-an, The Red Wind Howls, owó ara ẹ̀ ló fi tẹ̀ ẹ́ ní 2006, ìjọba fòfin dè é. Nínú ti ẹ̀, mọ́ńkì ń ta mọ́ńkì ẹgbẹ́ ẹ̀, olórí ẹ̀sìn ń wá ọ̀nà àtilà, kò sí áńgẹ́lì kankan níbẹ̀. Ẹ ò rí i pé ohun tí Ma Jian ń wá láti òde, ẹni tó wà nílé ti ń ṣe é, ó sì ń ṣe é dáadáa jù ú lọ.

Ìwé tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ gbé obìnrin rere kan lọ sí ibi tí nǹkan burúkú yìí ti ń ṣẹlẹ̀, lọ́dún tó ń ṣẹlẹ̀, kò sì jẹ́ ká rí i. Ìyẹn lẹ pè ní ọ̀wọ̀.

6. Igún tí Kejun yìnbọn pa.

Àṣírí ìwé náà nìyí, ẹni tí ò bá tíì kà á kó fò ó. Kejun rí ọkùnrin kan tí wọ́n ti rò pé ó kú tí wọ́n gbé síta fún igún, ó rí i pé ẹ̀mí ṣì wà lára ẹ̀, ó yìnbọn láti gbà á sílẹ̀, ó pa igún kan. Àwa náà tí wọ́n bí wa sínú a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, ó yẹ kó tètè yé wa pé ọ̀ràn ńlá ni. Àwọn igún fò lọ, àwọn ará Tibet ní ẹ̀ṣẹ̀ ti wọ̀lú, ogun fẹ́ bẹ́ sílẹ̀. Kejun bá fi ẹ̀mí ara ẹ̀ dí i, ó pa ara ẹ̀ kí àwọn igún lè padà wá jẹ ẹ́, káwọn èèyàn lè mọ̀ pé ọ̀run ò tíì kọ̀ wọ́n.

Ó dùn létí. Àmọ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ìgbàgbọ́ àwọn ará Tibet ni pé ara tí ẹ̀mí ti kúrò nínú ẹ̀ ò wúlò fún nǹkan mìíràn mọ́ àfi kéèyàn fi ta àwọn ẹyẹ lọ́rẹ, ó tún jẹ́ ibi tí ilẹ̀ le koránkorán tí igi ìdáná sì ṣọ̀wọ́n. Ọ̀rẹ ìkẹyìn tí tálákà àti olówó lè ṣe ni. Nínú ìwé yìí, ta ló wá ṣe ọ̀rẹ tó tóbi jù? Ọmọ ogun Ṣáínà. Ta ló mú àlàáfíà wá? Òun náà. Àwọn ará Tibet ibẹ̀ kàn dúró, wọ́n ń wò, wọ́n ń kọrin ìyìn ẹ̀. Àwọn tó kó ìbọn wá sórí òkè náà kò jẹ wọ́n ní gbèsè kankan mọ́ nígbà tí ìwé bá parí, a tilẹ̀ fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Nínú ìwé Ma Jian, àlejò Han ń tijú. Nínú ti Xinran, àlejò Han di ẹni mímọ́. Ẹ sọ fún mi èwo ló bọ̀wọ̀ fún onílé nínú méjèèjì.

7. Àǹtí Akọ̀wé ní tí a bá dá Ma Jian padà á jẹ́ pé a ti gbọ́ tọ̀tún tòsì. Rárá o, Àǹtí.

Ẹ má bínú, mi ò gbà. Ọ̀kan fi Tibet ṣe ọ̀run, ọ̀kan fi ṣe ibi ìrora, àmọ́ àwọn méjèèjì lọ síbẹ̀ torí nǹkan ti sọnù lọ́wọ́ wọn nílé ni. Ma Jian ń wá ìgbàgbọ́, Shu Wen ń wá ọkọ. Àwọn méjèèjì gbé òkú àti igún síbi tí ojú máa kọ́kọ́ lọ, bí ẹni pé àwọn ará Tibet ò ṣe nǹkan míì láyé ju kí wọ́n kú lọ. Ma Yuan, òǹkọ̀wé ará Han kan tó gbé Lhasa láàárín ọdún 1982 sí 1989, tiẹ̀ ti fi irú ẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ ní 1985, nínú ìtàn ẹ̀ kan àwọn àlejò jí láàárọ̀ kùtù láti lọ wo bí wọ́n ṣe ń gbé òkú fún igún, wọ́n lé wọn dànù. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ yẹn. Ó kéré tán, ará Tibet rí àyè sọ pé rárá.

Kẹ́ ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ni mò ń sọ, pé ẹni bá jẹ́ Han ò gbọ́dọ̀ kọ̀wé lórí Tibet. Ọ̀rọ̀ náà ò tiẹ̀ ṣe é là sí méjì bẹ́ẹ̀. Òǹkọ̀wé Alai, ìyá ẹ̀ Tibet, bàbá ẹ̀ Hui (ẹ̀yà Mùsùlùmí kan ní Ṣáínà), èdè Ṣáínà ló fi kọ Red Poppies, ó gba ẹ̀bùn Mao Dun, ẹ̀bùn ńlá fún ìtàn àròsọ ní Ṣáínà, ní 2000. Ìdílé baálẹ̀ kan ní agbègbè Gyarong ni, wọ́n ń gbin opíọ́mù, wọ́n ń jagun lórí ọkà, wọ́n ń rẹ́ ara wọn jẹ, ọmọ tí gbogbo ilé ń pè ní ọ̀dẹ̀ ló ń sọ ìtàn náà, òun ló sì gbọ́n jù nínú wọn. Tashi Dawa náà, bàbá Tibet, ìyá Han, èdè Ṣáínà lòun náà ń kọ. Tẹ́ ẹ bá ka Alai, ẹ máa rí Tibet tí wọ́n ti ń ṣòwò, tí wọ́n ń jowú, tí wọ́n ń gbọ́n ọgbọ́n àgbọ́njù, ẹ máa rí i pé kò sí àlejò kankan tí wọ́n ń dúró dè kó wá fi wọ́n wá ara ẹ̀ rí.

8. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe.

Ẹ dá Stick Out Your Tongue padà sórí àkọsílẹ̀. Ẹni tí ò bá lè kà á kó má kà á, ẹ fi ìkìlọ̀ síwájú ẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ìfipábánilòpọ̀ wà níbẹ̀, àgbà ni gbogbo wa.

Ẹ má yọ Sky Burial. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, àwọn kan ti ń pín in kiri pé mo sọ ọ́. Ẹ yọ ọ̀rọ̀ "ìtàn tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́" àti "ọ̀wọ̀ fún àṣà Tibet" lórí pósítà, ẹ kọ "ìtàn tí Xinran kọ", ó parí.

Ẹ fi My Tibetan Childhood kún un, kẹ́ ẹ sì gbé e sí ọ̀sẹ̀ kan náà pẹ̀lú Sky Burial, kí ẹni tó bá ka 1958 nínú ọ̀kan lè ka 1958 nínú èkejì. Tí owó ẹgbẹ́ ò bá gbé e, ẹ jẹ́ ká dá owó, mo ṣe tán láti san tèmi kọjá iye tí ẹ bá dá lé wa.

Àwọn ọmọ Tibet wà ní ìlú yìí. Ẹ pe ọ̀kan wá bá wa jókòó lọ́jọ́ tí a máa ka ìwé yìí, kì í ṣe láti wá jó tàbí láti wá fún wa ní tíì tí wọ́n fi bọ́tà sí o, láti wá sọ ohun tí wọ́n rò nípa àwọn ìwé méjèèjì. Bí wọ́n bá sì ní àwọn ò fẹ́ sọ nǹkan kan, torí ẹni tó ní mọ̀lẹ́bí nílé lè máa ṣọ́ ẹnu ẹ̀, ẹ má fi dandan mú wọn.

Lópin, kí kọ́mítì má yọ ìwé kankan mọ́ láìjẹ́ pé gbogbo ẹni tó fọwọ́ sí i ti kà á tán. Èyí kì í ṣe ti Tibet nìkan, ó kan gbogbo ìwé tẹ́ ẹ máa yàn lẹ́yìn èyí.

Ẹ fi èsì sínú grúùpù kí mítìnì tó ń bọ̀ tó dé, nọ́ńbà sí nọ́ńbà. Ẹ̀dà Naktsang Nulo kan wà lọ́wọ́ mi, ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kà á kó tètè fi ránṣẹ́ sí mi, màá gbé e bọ̀ ní Sátidé.

Èmi ni,
Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yín, tó ti san owó oṣù ẹ̀.